Ẹni Tó Bá Kàn Ló Ń Bọ́ Sómi

Ọ̀rọ̀ òkun ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má bínú pé ọmọ tí kò lè lúwẹ̀ẹ́ dé ìdajì odò wa ló fẹ́ sọ ọ́. Ìdí rẹ̀ ń bọ̀ nísàlẹ̀, ẹ ṣáà kà á dópin.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní London lè ti dé Dover rí. Bí ojú ọjọ́ bá mọ́, èèyàn lè dúró níbẹ̀ kó máa wo ilẹ̀ Faransé lódìkejì. Òkun tó wà láàárín, English Channel, fẹ̀ tó kìlómítà 33 níbi tó ti tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1875, atukọ̀ kan tó ń jẹ́ Matthew Webb lúwẹ̀ẹ́ la òkun yìí kọjá. Òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí a mọ̀ tó ṣe é láìlo ohunkóhun tó ń gbéni léfòó. Ìgbà àkọ́kọ́ tó gbìyànjú, ojú ọjọ́ lé e padà. Kò ju ọjọ́ méjìlá lọ tó tún fi bọ́ sómi. Wákàtí 21 àti ìṣẹ́jú 45 ló lò kó tó gúnlẹ̀ ní Calais. Ní 1926, Gertrude Ederle, ọmọ Amẹ́ríkà, di obìnrin àkọ́kọ́ tó ṣe é, ó sì yá ju gbogbo ọkùnrin tó ti ṣe é ṣáájú rẹ̀ lọ.

Àmọ́ agbára ẹnì kan ní ibi tó mọ. Ní 1883, Webb yìí kan náà kú sínú omi Niagara. Òmùwẹ̀ ní í bómi lọ, àwọn àgbà ti sọ ọ́.

Ọ̀nà míì wà tí wọ́n fi ń la òkun náà kọjá: èèyàn mẹ́fà á pín in láàárín ara wọn. Ẹni àkọ́kọ́ á wẹ̀ fún wákàtí kan, ẹnì kejì á gbà á, títí á fi kan ẹnì kẹfà, wọ́n á sì tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹni àkọ́kọ́. Ọkọ̀ ojú omi á máa bá wọn lọ, ẹlẹ́rìí wà nínú rẹ̀ tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Òfin wọn le o! Wọn ò gbọ́dọ̀ pààrọ̀ ìtò. Wọn ò gbọ́dọ̀ wọ aṣọ tó ń múni móoru. Bí ẹnì kan ò bá parí wákàtí tirẹ̀, ti gbogbo wọn ti bàjẹ́ nìyẹn, kódà bí àwọn márùn-ún yòókù lágbára bí erin. Bó bá jẹ́ aago méjì òru ló kàn ọ́, o máa bọ́ sínú omi tútù yẹn ni.

Ọ̀pọ̀ ló ń tìtorí àánú ṣe é. Wọ́n á ní, "Èmi á wẹ̀ ẹ́, ẹ̀yin ẹ dáwó." David Walliams, aláwàdà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dá nìkan wẹ̀ ẹ́ ní 2006 fún Sport Relief, owó tó wọlé ju mílíọ̀nù kan pọ́n-ùn lọ. Nílé níbí, ní oṣù kẹta 2024, Akinrodoye Samuel wẹ gígùn afárá Third Mainland, kìlómítà 11.8, nínú ọ̀sà Èkó, kí àwa èèyàn lè máa sọ̀rọ̀ nípa ìlera ọpọlọ.

Ó wá kàn wá báyìí. Ṣé ẹ rántí owó ẹ̀rọ omi ilé ìwòsàn ìlú wa? Nígbà tí a gbé e sórí gúrúùpù, àtàǹpàkò pọ̀ bí eṣú. Àwọn kan san. Ọ̀pọ̀ wa, èmi náà wà níbẹ̀, ní a máa san lópin oṣù. Oṣù parí. Títí dòní, aláboyún ṣì ń gbé kẹ́ẹ̀gì omi lọ síbi tó ti fẹ́ bímọ.

Ẹ̀ka ọ̀dọ́ ò ní kí ẹnikẹ́ni bọ́ sókun. Ohun tí a fẹ́ kò yàtọ̀ sí àáró tí àwọn bàbá wa ń ṣe lóko: èèyàn mẹ́fà mẹ́fà, oṣù mẹ́fà, oṣù kan fún ẹnì kan. Ẹni tó bá kàn á san, akọ̀wé á kọ ọ́ síbi tí gbogbo wa ti máa rí i. Bí nǹkan ò bá rọgbọ fún yín, ẹ tètè sọ kí ìgbà yín tó dé, ẹlòmíì á dúró fún yín. Lójú òkun kò sí àyè yẹn, ṣùgbọ́n ọmọ ìyá ni wá.

Mo ti san gbèsè tèmi. Oṣù àkọ́kọ́, èmi ni mo máa bọ́ sómi. Ta ló tẹ̀ lé mi?

Ire o. Ìlú wa ò ní bàjẹ́.

Alákòóso Ẹ̀ka Ọ̀dọ́