Ta Ló Ni Òru? Ìtàn Fàájì Alẹ́ ní Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Tí wọ́n bá ti dárúkọ fàájì alẹ́ l'Ékòó, Erékùṣù ni ọkàn gbogbo èèyàn máa ń lọ: Victoria Island, Lẹ́kí, ilé ijó tí owó ìgò ọtí kan ti lè gbé owó oṣù èèyàn lọ. Ẹnikẹ́ni kì í ka Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ mọ́ ọn. Ìkòròdú ni wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó jìnnà. Ẹ̀pẹ́ ní tiẹ̀, ẹja ni wọ́n ń lọ rà níbẹ̀ lọ́sàn-án, kí wọ́n tó sáré padà sílé. Ṣùgbọ́n ìlú méjèèjì tó wà létí ọ̀sà yìí ti ń ṣe àìsùn tipẹ́tipẹ́, kí ẹnikẹ́ni tó kọ́ ilé ijó kankan sí Lẹ́kí. Tí a bá sì wo ìtàn wọn dáadáa, a óò rí i pé fàájì alẹ́ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọtí àti ijó nìkan. Ọ̀rọ̀ ẹni tó láṣẹ láti jáde lóru ni.

Orò ló kọ́kọ́ ni òru níbí. Ìkòròdú, tí ìtàn sọ pé oko ọ̀dú ló bí orúkọ rẹ̀, ní Orò, ó ní Agẹmọ, ó ní Elúkú. Títí di òní, tí ọjọ́ Orò bá pé, wọ́n á kéde pé kí obìnrin wọlé, kí wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Ẹ má rò pé ẹ̀rù nìkan ló wà nínú ọdún bẹ́ẹ̀ o. Orin wà, ijó wà, oúnjẹ wà. Fàájì gidi ni, fún ẹni tó bá lè jáde. Ẹni tó wà nínú ilé, ìró nìkan ló ń gbọ́. Àwọn àgbà ní òkùnkùn ò mẹni ọ̀wọ̀, ṣùgbọ́n òkùnkùn ọjọ́ Orò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin dáadáa.

Ní àwọn òru yòókù, òṣùpá ló ń darí eré. Tó bá ti lé, àwọn ọmọdé á tú síta, wọ́n á ṣe bojúbojú, àgbà á jókòó, á pàlọ́ fún wọn. Tí kò bá sí òṣùpá, fìtílà elépo ni àwọn obìnrin fi ń ta oúnjẹ lójú ọ̀nà. Apẹja ń ti ọkọ̀ bọ́ sínú omi nígbà tí ẹlòmíì ń tẹ́ ẹní. Ìlú etí omi kì í sùn tán pátápátá.

Ẹ jẹ́ ká wá kọjá sí Ẹ̀pẹ́. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1851, àwọn Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, wọ́n lé Ọba Kòsọ́kọ́ kúrò lórí ìtẹ́, wọ́n sì dá Akíntóyè padà. Kòsọ́kọ́ gba orí ọ̀sà, ó sá lọ sí Ẹ̀pẹ́ pẹ̀lú àwọn jagunjagun rẹ̀, Ọ̀ṣọ́dì Tápà sì wà lára wọn. Mùsùlùmí pọ̀ nínú àwọn tó tẹ̀ lé e. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹsàn-án ọdún 1854, ó bá àwọn Gẹ̀ẹ́sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn ní Ẹ̀pẹ́, ó sì padà sí Èkó ní 1862. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo èèyàn rẹ̀ ló bá a padà. Àwọn tó dúró ló di Èkó Ẹ̀pẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìjẹ̀bú Ẹ̀pẹ́ tí wọ́n bá níbẹ̀.

Àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́ yìí ló ni ọdún Káyókáyó, tí wọ́n máa ń ṣe lẹ́yìn Iléyá láti rántí bí Kòsọ́kọ́ ṣe gúnlẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ ọdún náà ò le rárá: ká yó, ká yó. Ẹ rò ó wò. Àwọn tí wọ́n fi ìbọn lé kúrò nílé baba wọn ni wọ́n ya ọjọ́ sọ́tọ̀ fún àjẹyó. Fún wọn, ìgbádùn kì í ṣe ìwà ọ̀lẹ. Ẹ̀rí ni pé wọ́n ṣì wà láàyè.

Ẹ̀sìn Ìsìláàmù náà yí òru padà. Nínú oṣù ààwẹ̀, ìlú gbọ́dọ̀ jí kí ilẹ̀ tó mọ́ láti jẹ sààrì. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin bá gbé ìlù, wọ́n ń yí àdúgbò ká, wọ́n ń kọrin jí àwọn èèyàn. Wéré ni wọ́n ń pe orin náà, àwọn kan ń pè é ní ajísààrì, ó sì gbilẹ̀ l'Ékòó àti láwọn ìlú Yorùbá mìíràn tí Mùsùlùmí pọ̀ sí. Inú wéré ni Síkírù Àyìndé Barrister ti bẹ̀rẹ̀ ní kékeré. Ó ṣiṣẹ́ ológun, ó padà sídìí orin, ó pe orin tirẹ̀ ní Fújì. Òun fúnra rẹ̀ sọ pé ibùdó ọkọ̀ òfuurufú lòun ti rí orúkọ òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan. Barrister kú ní ọjọ́ 16 oṣù Kejìlá ọdún 2010, àmọ́ kò sí òde àríyá kan ní Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ tí Fújì ò ti ń dún. Ṣé ẹ rí i? Orin tí wọ́n fi ń jí wa ló padà di orin tí kì í jẹ́ ká sùn.

Àwọn obìnrin ńkọ́? Ní 1976, ọmọ ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni Sàláwà Àbẹ̀ní, ọmọ Ìjẹ̀bú etí omi, nígbà tó ṣe àwo orin wákà rẹ̀ àkọ́kọ́, tó fi dárò Ọ̀gágun Múrítàlá Muhammed tí wọ́n pa lọ́dún náà. Owó epo rọ̀bì ti wọ ìlú nígbà yẹn. Wọ́n ń dí títì, wọ́n ń ta kánópì, wọ́n ń ná owó mọ́ olórin lójú títí ilẹ̀ ọjọ́ kejì fi ń mọ́. Lágbègbè tí wọ́n ti ń ní kí obìnrin wọlé nígbà ọdún Orò, ọmọbìnrin kan di makirofóònù mú láàárín òru, àwọn ọkùnrin sì ń tò wá bá a láti náwó. Ọ̀rọ̀ kékeré kọ́ nìyẹn.

Lẹ́yìn náà ni iná dé, tàbí ká ní ó yẹ kó dé. Lọ́dún 1985, wọ́n ṣí ilé iṣẹ́ mànàmáná Egbin létí ọ̀sà lágbègbè Ìkòròdú. Ẹ̀rọ mẹ́fà ló wà níbẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan lè mú mẹgawáàtì 220 wá, àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,320. Ẹ̀yìnkùlé wa ni wọ́n ti ń ṣe iná tó ń lọ káàkiri Nàìjíríà. Síbẹ̀, ẹni tó bá fẹ́ ta ẹja yíyan àti ọtí tútù lálẹ́ ní Ìkòròdú gbọ́dọ̀ ra jẹnẹrétọ̀ kó tó ra àga. Àwa tí à ń gbé etí odò là ń fi itọ́ bọ́jú.

Ọdún 2016 àti 2017 ló wá burú jù. Àwọn apànìyàn tí wọ́n ń pè ní Badoo ń wọ ilé onílé lóru ní Ìkòròdú, wọ́n ń pa odidi ìdílé lójú oorun. Àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í kóra jọ sẹ́nu ọ̀nà láti ṣọ́ àdúgbò mọ́jú. Àìsùn padà dé, ṣùgbọ́n kò sí ìlù níbẹ̀. Ẹ̀rù yẹn náà tún pa èèyàn. Ní 2017, àwọn èrò dájọ́ fúnra wọn fún àwọn kan tí wọ́n fura sí, apanilẹ́rìn-ín kan sì wà lára àwọn tó kú. Iṣẹ́ ẹ̀rín ló ń ṣe. Ìfura ló pa á.

Lónìí, fàájì ti padà. Èéfín àsun ń rú lẹ́bàá títì, Fújì ń dún, àwọn ọmọ tuntun sì ń jó ijó tiwọn. Nítorí náà, tí àgbà kan bá sọ pé àwa ọ̀dọ́ òde òní ló kó àìsùn dé, ẹ rán an létí ajísààrì àti Káyókáyó. A ò jí ìgbádùn yìí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, a jogún rẹ̀ ni.

Àmọ́ ogún tí kò kárí ò tíì pé. Tí ọmọbìnrin kan bá lè jẹ ẹja yíyan tán ní Ẹ̀pẹ́ ní aago mọ́kànlá alẹ́, tó gba abẹ́ iná títì tó ń tàn dáadáa, tó sì délé láìsí pé ẹnikẹ́ni sìn ín, ìgbà yẹn la óò mọ̀ pé òru ti di ti gbogbo wa.