Ibi Tí Epo Ń Gbé

Ní 30 oṣù Karùn-ún ọdún 1964, iná sọ níbi eré ìje ọkọ̀ Indianapolis ní Amẹ́ríkà. Eddie Sachs àti Dave MacDonald bá a lọ. Bẹntiróòlù ni ọkọ̀ méjèèjì gbé. Láti ìgbà náà ni òfin ti le: àpò rọ́bà tí kì í tètè ya ni kí epo wà. Nínú ọkọ̀ Formula 1 òde òní, ẹ̀yìn awakọ̀ ni àpò náà ń gbé, láàárín òun àti ẹ́ńjìnnì, ògiri tí iná kì í tètè là kọjá sì wà láàárín wọn.

Àwa tá a ń wọ takisí láti Òmù-Àrán lọ Ìlọrin nígbà ọ̀wọ́n epo ńkọ́? Ẹ̀yìn wa náà ni kẹ́ẹ̀gì wà, nínú búùtù. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀.” Wọ́n á ní, “Mo ti dé e.” Ògiri dà?