Ẹnu Ta Ni A Fi Ń Kì Akọni?

Bí ọjọ́ àṣekágbá bọ́ọ̀lù bá ku ọ̀sẹ̀ kan, tí àwọn tí yóò gbá a kò tíì wọ bàtà, tí rẹfirí kò tíì fọn fèrè, tí ife ẹ̀yẹ ṣì wà nínú àpótí tí wọ́n tì í mọ́, ìjà ti bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu: oníròyìn ń na maikirofóònù sí akọ́nimọ̀ọ́gbá, akọ́nimọ̀ọ́gbá ń fi ọgbọ́n yẹ ìbéèrè sílẹ̀, àwọn tí kò ní í fi ẹsẹ̀ kan bọ́ọ̀lù títí ayé wọn sì ń fi ahọ́n gbá a ní ìsọ̀ onígbàjámọ̀ àti lábẹ́ igi ọdán. Àwọn àgbà kúkú ti wí pé ẹnu dùn-ún rófọ́, agada ọwọ́ dùn-ún ṣánko. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá rò pé amóhùnmáwòrán ló gbé ariwo yìí wọ ilẹ̀ Yorùbá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tíì jókòó ti àgbàlagbà Ìlobùú tàbí ti Ìfọ́n rí.

Ìlobùú, tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrẹ́pọ̀dùn, àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, tó jẹ́ olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Orólù, fara kanra débi pé àlejò lè ti ilẹ̀ ọba Olóbùú bọ́ sí ilẹ̀ ọba Olúfọ́n kó má fura. Bí ògiri wọn ti kanra tó, òrìṣà tí a fi mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan kò jọra ní ìṣe. Ti Ìlobùú ni Erinlẹ̀, ọdẹ aperin tó di odò, tí omi rẹ̀ ń ṣàn níbẹ̀ títí di òní. Òrìṣà tí a kì í dákẹ́ sí ni, nítorí ọdẹ ni, ọdẹ kì í sì í jẹ́ ọdẹ títí a ó fi ka ẹran tó pa fún un létí. Ti Ìfọ́n ni Òrìṣà Olúfọ́n, òrìṣà funfun, arúgbó aláṣọ àlà tí ń fi ọ̀pá tilẹ̀ rìn, ẹni tí sùúrù rẹ̀ ju agbára ọ̀dọ́ lọ.

Nípa ti Olúfọ́n yìí, ìtàn kan wà tí àwọn ọmọ Yorùbá tí a kó lẹ́rú lọ sí Bahia ní ilẹ̀ Bùràsíìlì kò jẹ́ kó kú. Wọ́n ní baba náà fẹ́ lọ kí Ṣàngó ní Ọ̀yọ́. Ifá ní kó má lọ, ó ní òun yóò lọ. Ifá wá kìlọ̀ fún un pé ohunkóhun tí ojú rẹ̀ bá rí lọ́nà, kò gbọdọ̀ ráhùn. Èṣù da epo sí i láṣọ, kò ráhùn. Ó rí ẹṣin Ṣàngó tó sọnù, ó mú un kó lè dá a padà fún olówó rẹ̀, àwọn ìránṣẹ́ ọba sì ké olè lé e lórí, wọ́n lù ú, wọ́n jù ú sẹ́wọ̀n fún ọdún méje. Kò la ẹnu rẹ̀ wí pé irọ́ ni. Ìgbà tí òjò kọ̀ tí oko sì gbẹ ni Ṣàngó tó wádìí, tó rí ẹni tó wà nínú túbú rẹ̀, tó sì pàṣẹ kí àwọn èèyàn wọ aṣọ funfun, kí wọ́n pọn omi wá wẹ baba, kí ẹnikẹ́ni má sì fọhùn. Lọ́dọọdún ni wọ́n ṣì ń pọn omi náà ní Bahia, ní ìdákẹ́jẹ́ẹ́, ní orúkọ òrìṣà tó ti Ìfọ́n lọ.

Ìdí tí mo fi fẹ́sẹ̀ lé ìtàn yìí pẹ́ ni pé, lójú tèmi, ọ̀nà méjèèjì tí akọni ń gbà dúró ṣáájú ìjà ní ilẹ̀ wa ló wà nínú ìlú méjèèjì yìí: kí ẹlòmíràn máa kì í bí a ti ń kì Erinlẹ̀, tàbí kí ó pa ẹnu mọ́ bí Olúfọ́n. Ọ̀nà kẹta, kí akọni máa fi ẹnu ara rẹ̀ yin ara rẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n fi ń rín in. Ní ayé ìjàkadì, èyí tí a fi ń kì àwọn ará Ọ̀fà ju ẹlòmíràn lọ, kì í ṣe ẹnu ẹni tó fẹ́ jà ni ìhàlẹ̀ ti ń jáde. Onílù ni yóò ṣáájú rẹ̀ wọ agbo, tí yóò fi gángan pe bàbá tó bí i, tí yóò pe bàbá tó bí bàbá rẹ̀, tí yóò fi òwe ìlù bú ẹni tó wà ní òdì kejì, èébú tí ẹni tó gbọ́ ìlù nìkan ló lè mọ bó ti ta tó. Òun tí wọ́n ń lùlù fún yóò kàn máa gbọn èjìká, orí rẹ̀ yóò máa wú. Bí ó bá dá ẹnìkejì, onílù gba owó. Bí wọ́n bá dá a, onílù ni yóò gbé ìlù sí abíyá, tí yóò wá bí yóò ti pa ohùn dà, nítorí ọ̀rọ̀ náà kò ti ẹnu ẹni tó ṣubú jáde. Mo rò pé àǹfààní ńlá ni èyí. Ìjà kò dọlà, orúkọ ní ń sọni, ẹlòmíràn ló sì ń sọni lórúkọ náà.

Ulli Beier, ará Jámánì tó gbé Ìlobùú fún ìgbà díẹ̀ kó tó fìdí kalẹ̀ sí Òṣogbo ní àwọn ọdún 1950, tẹ́tí sí irú ìlù báyìí, ó sì kọ nípa rẹ̀ fún àwọn èèyàn òkè òkun. Ṣùgbọ́n nígbà tí ó fi débẹ̀, olùdíje tuntun ti dé bá onílù. Rélùwéè ti wọ Òṣogbo láti ọdún 1907, ìwé ìròyìn sì ń bá ọkọ̀ wọlé: Daily Times láti 1926, West African Pilot tí Nnamdi Azikiwe dá sílẹ̀ ní 1937, Nigerian Tribune ní 1949. Azikiwe fúnra rẹ̀ kò ya bọ́ọ̀lù sọ́tọ̀ kúrò lára ìwé ìròyìn. Ọdún kan lẹ́yìn Pilot ló dá ẹgbẹ́ eléré ìdárayá tirẹ̀ sílẹ̀ ní Èkó. Ní ọdún 1949 yìí kan náà ni àwọn agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí ọ̀pọ̀ wọn fi ẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù níwájú àwọn òyìnbó tó wọ bàtà. Ọ̀kan nínú wọn ni Teslim Balógun, tí gbogbo ayé mọ̀ sí «Thunder», ìyẹn ààrá. Ẹ wo orúkọ tí ó gbé lọ: oyè olórí ogun láti ilé, àti ohun ìjà Ṣàngó láti ẹnu àwọn olólùfẹ́ bọ́ọ̀lù. Kò sí ẹni tó ní kó ṣàlàyé ara rẹ̀ lẹ́yìn èyí.

Rédíò ló wá gba ọ̀pá lọ́wọ́ onílù pátápátá. Èyí tí wọ́n fi wáyà fà wọ inú ilé, tó bẹ̀rẹ̀ ní Èkó ní 1935, tó sì dé Ìbàdàn ní 1939, ni àwọn baba wa sọ ní asọ̀rọ̀mágbèsì. Orúkọ náà pé. Àpótí náà ń sọ, ìwọ ń gbọ́, bó bá bí ọ nínú kò sí bí o ti máa dá a lóhùn. Ní ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá ọdún 1959, amóhùnmáwòrán WNTV bẹ̀rẹ̀ ní Ìbàdàn, ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n sì ṣí pápá ìṣeré Liberty. Ibẹ̀ náà ni Dick Tiger, abẹ̀ṣẹ́kù-bí-òjò ọmọ Nàìjíríà, ti na Gene Fullmer ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, tí ará Amẹ́ríkà náà kò lè dìde fún ìpele kẹjọ, tí ojú ayé sì yí sí Ìbàdàn fún ìgbà díẹ̀.

Ní ọdún 1976, Ìlobùú àti Ìfọ́n wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀, nítorí náà ikọ̀ IICC Shooting Stars ti Ìbàdàn, àwọn Jagunjagun Olúyọ̀lé, tiwọn ni. Ikọ̀ náà dé àṣekágbá ife ẹ̀yẹ àwọn tó gba ife ní Áfíríkà, Tonnerre ti Yaoundé ni wọ́n sì bá pàdé, ikọ̀ tí Roger Milla ń gbá bọ́ọ̀lù fún nígbà náà. Mẹ́rin sí ọ̀kan ni Shooting fi lù wọ́n nílé. Nígbà tí wọ́n dé Kamẹrúùnù, òdo sí ọ̀kan. Ife bọ́ sílé, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Nàìjíríà kan yóò gba ife gbogbo Áfíríkà. Ẹ gbọ́ bí orúkọ yẹn ti ń dún: Olúyọ̀lé, Baṣọ̀run Ìbàdàn ayé ogun, ni a gbé orúkọ rẹ̀ lé ọ̀dọ́mọkùnrin mọ́kànlá tó wọ ṣòkòtò péńpé lórí, tí ara wọn sì yá.

Ẹni tí mo ka sí ọ̀gá onílù ìgbà yẹn kò lu ìlù kankan. Ernest Okonkwo ni, asọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù lórí Rédíò Nàìjíríà. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, ọmọ Ẹ̀gbá tó kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Pólì Ìbàdàn, ni ó sọ ní «Mathematical», nítorí bọ́ọ̀lù rẹ̀ dà bí ìṣirò tí a ti ṣe tán kó tó gbá a. Christian Chukwu, balógun ikọ̀ Nàìjíríà, ni ó ń pè ní «Chairman». Ọmọ Ìgbò ló ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kì ọmọ Yorùbá, àlàjẹ́ náà sì lẹ̀ mọ́ onítọ̀hún bí ilà ojú. Ní ọjọ́ 22 oṣù kẹta ọdún 1980, nígbà tí Nàìjíríà pàdé Algeria ní àṣekágbá ife Áfíríkà ní Sùúrùlérè, Ọdẹ́gbàmí gbá méjì wọlé, Múdà Lawal gbá ẹ̀kẹta, òdo ni ti àwọn àlejò. Tí mo bá rántí ọjọ́ náà, ohùn Okonkwo ló máa ń kọ́kọ́ dé etí mi, kí ojú mi tó rí bọ́ọ̀lù.

Lẹ́yìn èyí ni nǹkan yí. Oníròyìn kò fẹ́ kì akọni mọ́. Ó fẹ́ kí akọni kì ara rẹ̀. Wọ́n gbé ẹ̀rọ sí i lẹ́nu, wọ́n ní kó sọ bí àṣekágbá yóò ti rí, bí ẹni pé ẹni tí Ọlọ́run fún ní ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ ní ahọ́n pẹ̀lú. Kí ni yóò wí? «A ó sa ipá wa, ìyókù dọwọ́ Ọlọ́run.» Ọ̀rọ̀ náà kò burú, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ tútù ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí gángan ń sọ. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n ti sọ àṣà yìí di ọdún ńlá: ní ọ̀sẹ̀ àṣekágbá bọ́ọ̀lù tiwọn, èyí tí wọ́n ń fi ọwọ́ gbé sáré, wọ́n á kó gbogbo agbábọ́ọ̀lù jáde sójú agbo oníròyìn. Ní 1969, Joe Namath ti ikọ̀ Jets la ẹnu fúnra rẹ̀ pé àwọn yóò borí, ó sì rí bẹ́ẹ̀, mẹ́rìndínlógún sí méje. Bí ó bá ti já, ẹyin lohùn, ta ni ìbá bá a ṣa èèpo? Ní 2015, Marshawn Lynch jókòó síwájú gbogbo wọn, ó sì ń tún gbólóhùn kan ṣoṣo sọ sí ìbéèrè gbogbo: kí wọ́n má bàa bu owó ìtanràn lé òun lòun ṣe wá. Àwọn oníròyìn ní aláìmoore ni. Èmi rò pé bí ó bá ṣe é ní Ìfọ́n, àwọn àgbà ìbá ti mọ òrìṣà tó ń sìn. Yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́.

Láti 1991 ni Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun ti dá dúró, tó sì ní ilé iṣẹ́ rédíò tirẹ̀ ní Òkè-Báálẹ̀, Òṣogbo, ṣùgbọ́n àwọn ọ̀dọ́ Ìlobùú àti Ìfọ́n kò dúró de rédíò kankan. Pátákó dúdú tó wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòran bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń kà, níbi tí a ti fi ṣọ́ọ̀kì kọ ẹni tó fẹ́ pàdé ẹni àti aago tí yóò bẹ̀rẹ̀. Nínú ilé náà ni wọ́n ti ń bú ara wọn nítorí Arsenal àti Chelsea títí iná yóò fi lọ. Ọ̀rọ̀ ló ń yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ ló ń yọ ọfà lápó: ní 2025, ìjọba fi òfin kónílé-ó-gbélé de ìlú méjèèjì nítorí ìjà ààlà ilẹ̀ tó gba ẹ̀mí, mi ò sì mọ èébú kankan tí a bú nítorí bọ́ọ̀lù níbẹ̀ tó tó èyí láti sunkún fún.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2018, wọ́n gbá àṣekágbá Amẹ́ríkà náà ní Minneapolis. Nínú ikọ̀ Eagles ti Philadelphia, tó borí pẹ̀lú mọ́kànlélógójì sí mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ọmọkùnrin kan wà tí àwọn òbí rẹ̀ ti Nàìjíríà lọ bí i sí Lọ́ńdọ̀nù. Jay Ajayi ni wọ́n ń pè é, Ajayi ni wọ́n kọ sí i lẹ́yìn. Àjàyí ni, orúkọ àmútọ̀runwá, orúkọ ọmọ tó dojú bolẹ̀ wáyé, tó ní oríkì tirẹ̀ tí ìyá àgbà kankan ní Ìlobùú tàbí ní Ìfọ́n lè fi ojú dídì kà. Gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn ni ẹ̀rọ ń tàn yí ikọ̀ rẹ̀ ká, tí ìbéèrè ń rọ̀ bí òjò, tí ó sì ń dáhùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀.