Ọjà tí kò sí lórí àwòrán ilẹ̀: The Village Headmaster àti ìgbèríko Oṣòdì òun Ìsọlọ̀

The Village Headmaster, tí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí gbé jáde láti Èkó ní ọdún 1968, tí kò sì kásẹ̀ nílẹ̀ títí di 1988, jẹ́ ọ̀kan lára àwọn eré àtìgbàdégbà tí ó pẹ́ jù lọ lórí tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà; eré àtìgbàdégbà ni irú eré tí ìtàn rẹ̀ ń tẹ̀ síwájú láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀, tí àwọn ẹ̀dá-ìtàn kan náà sì ń padà wá sójú agbo. Abúlé kan tí ń jẹ́ Ọjà ni wọ́n gbé ìtàn náà kalẹ̀ sí, bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí ẹni tí ó lè wọ ọkọ̀ lọ síbẹ̀, nítorí pé inú eré nìkan ni ó wà. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ogún ọdún eré náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ láàárín ogún ọdún kan náà, yóò hàn pé irú abúlé tí àwọn ará Èkó ń wò ní alẹ́ ni katakátá ń wó mọ́lẹ̀ ní ẹ̀yìn ìlú ní ọ̀sán.

Ilẹ̀ Àwórì ni Oṣòdì àti Ìsọlọ̀. Àwórì ni ẹ̀yà Yorùbá tí ó tẹ̀dó sí àgbègbè odò àti ọ̀sà tí ó yí Èkó ká, iṣẹ́ ẹja pípa, oko dídá àti ọdẹ ṣíṣe ni wọ́n sì fi ń jẹun. Ọ̀sọ́lọ̀ ni oyè ọba Ìsọlọ̀ títí di òní. Ojú irin ni ohun àkọ́kọ́ tí ó so àwọn ìlú kéékèèké wọ̀nyí mọ́ ayé tí ó jìnnà, nítorí pé ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí la ọ̀nà rélùwéè láti Èkó ní 1896, ó sì dé Ìbàdàn ní 1901, Oṣòdì sì jẹ́ ọ̀kan lára àwọn ibùdókọ̀ rẹ̀. Níbi tí ọkọ̀ ojú irin bá ti ń dúró, oúnjẹ oko yóò sọ̀ kalẹ̀, aláròóbọ̀ yóò sì tẹ́ ẹní rẹ̀. Ọjà Oṣòdì tí gbogbo ayé mọ̀ lẹ́yìn náà kò já bọ́ láti ọ̀run.

Ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé, èyí tí kò sì yẹ kí a fojú fò. Nígbà tí ìjọba yọ ìlú Èkó kúrò lára Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà ní 1954 láti sọ ọ́ di olú-ìlú tí ó wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ kò bá a lọ. Abẹ́ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn tí ó wà ní Ìbàdàn ni wọ́n wà títí di ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́ ní oṣù Kìíní ọdún 1955, àwọn ọmọ Àwórì ní Ìsọlọ̀ wà lára àwọn tí ètò náà wà fún. Iye àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn, tí kò tó 500,000 ní 1954, sì kọjá 800,000 ní ọdún kan péré. Ilé-ìwé di ohun tí abúlé kọ̀ọ̀kan ń bèèrè fún, ẹni tí ó sì wà nídìí rẹ̀ ni wọ́n ń pè ní hẹ́dìmásítà, ìyẹn ọ̀gá àwọn olùkọ́. Hẹ́dìmásítà ìgbà náà kì í ṣe olùkọ́ nìkan: òun ni í kọ lẹ́tà fún ẹni tí kò mọ̀wé, òun ni í ka èyí tí ó dé láti ìlú òkèèrè, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì máa wúwo níwájú baálẹ̀ àti ìjòyè. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdí tí wọ́n fi fi orúkọ ipò rẹ̀ pe eré, tí wọn kò fi ti ọba pè é, kí ó wo ọdún 1955 yìí.

Láti ọ̀dọ̀ ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn kan náà ni tẹlifíṣọ̀n ti wá. WNTV, ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n Ìwọ̀-Oòrùn Nàìjíríà, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹwàá ọdún 1959, ó sì gbé ẹ̀rọ atàtagbà kan, ìyẹn ẹ̀rọ tí ń fi àwòrán àti ohùn ránṣẹ́, sí orí òkè Màpó, ó gbé èkejì sí Abàfọ́n ní ìhà Ìkòròdú kí àwòrán lè dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Èkó àti agbègbè rẹ̀. Ṣẹ́gun Olúṣọlá, ọmọ Ìpẹru Rẹ́mọ tí wọ́n bí ní 1935, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ níbẹ̀, òun ni ó sì darí My Father's Burden, eré tí Wọlé Ṣóyínká kọ fún tẹlifíṣọ̀n náà ní 1960. Lẹ́yìn náà ni ó lọ sí ilé-iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀ ní Èkó, èyí tí ó ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1962, ibẹ̀ ni ó sì ti dá The Village Headmaster sílẹ̀.

Eré pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ni. Bí èdèkòyédè bá bẹ́ sílẹ̀ ní Ọjà, ààfin tàbí ilé-ìwé ni wọ́n sábà máa ń gbé e lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n sì fi ń yanjú rẹ̀. Òṣèré mẹ́ta ni ó ṣe hẹ́dìmásítà ní tẹ̀léǹtẹ̀lé: Ted Mukoro, Fẹ́mi Robinson, àti Justus Esiri. Dèjúmọ̀ Lewis ni kábíyèsí, Ọlọ́jà ti Ọjà, oyè yìí kì í sì í ṣe àwàdà lásán, nítorí pé ní ilẹ̀ Yorùbá ọlọ́jà kì í ṣe ẹni tí ń tajà nìkan; orúkọ oyè ni fún olórí ìlú ní ọ̀pọ̀ ibi, Ẹ̀pẹ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣì ń lò ó. Fúnṣọ́ Adéolú ni Olóyè Ẹléyinmi, ìjòyè tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, àyànmọ́ sì ṣe bí ẹní bá eré náà ṣe pọ̀, nítorí pé lẹ́yìn tí eré parí, Adéolú jọba ní tòótọ́, ó di Aláyé Òde-Rẹ́mọ. Elsie Olúṣọlá, ìyàwó Ṣẹ́gun, ni Sísí Clara; Jab Adú ni Bassey Okon, ọmọ Calabar tí ń gbé abúlé; Ìbídùn Allison ni Amebo, ẹni tí kò sí ọ̀rọ̀ tí kì í dé etí rẹ̀, tí kò sì sí èyí tí kì í ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Ohun tí ó yẹ kí ènìyàn fara balẹ̀ wò jù ni àkójọpọ̀ yìí. Abúlé Yorùbá ni Ọjà, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì àti pijin ni wọ́n fi ń ṣe eré náà, nítorí pé gbogbo Nàìjíríà ni wọ́n ń ṣe é fún, láti ìgbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń jà títí dé ẹ̀yìn rẹ̀. Oríṣiríṣi ẹ̀yà sì ń gbé níbẹ̀ bí ọmọ ìyá. Abúlé oko tí ó jìnnà sí títì kì í sábà rí bẹ́ẹ̀ ní 1968. Ibi tí ó rí bẹ́ẹ̀ ni etí ìlú: ìlú Àwórì tí ọba rẹ̀ àti orò rẹ̀ ṣì wà, ṣùgbọ́n tí ilé oníyàrá adojúkọra ti kún fún Ìgbò, Ẹ̀fíìkì, Úróbò àti Haúsá, tí onílé àti ayálégbé jọ ń pọn omi lẹ́nu ẹ̀rọ kan náà. Lójú òǹkọ̀wé yìí, bí Ọjà bá jọ ibikíbi, Oṣòdì àti Ìsọlọ̀ ni ó jọ ju oko Rẹ́mọ lọ.

Ṣùgbọ́n Ọjà kò yí padà, Ìsọlọ̀ yí padà. Ilé-iṣẹ́ aṣọ Afprint àti Aswani dé sí Ìsọlọ̀, ọjà tí ó wà nítòsí èkejì sì gba orúkọ rẹ̀ títí di òní. Ní àárín ọdún 1970 sí 1980 ni wọ́n la ọ̀nà márosẹ̀ Àpápá sí Oṣòdì, pápákọ̀ òfuurufú tuntun sì ṣí ní 1979 ní ẹ̀gbẹ́ Máfolúkù ní Oṣòdì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìjọba Gómìnà Láteef Jákàńdè, tí ó ṣàkóso láti 1979 sí 1983, kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí Ìsọlọ̀ àti Òkè-Afá. Ìgbẹ́ tí àgbẹ̀ ti ń wa ẹ̀gẹ́ di ilé. Gàrí pàápàá wọ yàrá ìwádìí: ilé-iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tí ń ṣe ìwádìí nípa iṣẹ́ ẹ̀rọ, FIIRO, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ sí Oṣòdì ní 1956, di olókìkí nítorí bí ó ṣe wá ọ̀nà láti fi ẹ̀rọ ṣe ohun tí àwọn ìyá àgbà ń fi ọwọ́ rin, tí wọ́n ń fún, tí wọ́n sì ń yan nínú agbada.

Nígbà tí eré náà parí ní 1988, kò sí ohun tí ó jọ abúlé mọ́ ní ọ̀nà rélùwéè Oṣòdì. Ìkànìyàn ọdún 2006 ka 621,509 ènìyàn ní ìjọba ìbílẹ̀ Oṣòdì-Ìsọlọ̀. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wó ìsọ̀ àwọn ọlọ́jà lójú títì Oṣòdì ní oṣù Kìíní ọdún 2009, ó wó ọjà Òwónífàrí níbẹ̀ ní 2016, ibùdókọ̀ alájà tí wọ́n kọ́ sí Oṣòdì sì ṣí ní 2019. Ní 2021, tẹlifíṣọ̀n ìjọba àpapọ̀ tún gbé Ọjà padà wá, pẹ̀lú òṣèré tuntun, lábẹ́ orúkọ The New Village Headmaster.

Ti àtijọ́ kò fi ilé tàbí ọ̀nà sílẹ̀ níbikíbi, ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ kan sílẹ̀. Lábẹ́ afárá Oṣòdì, ọmọdébìnrin tí ń ta omi inú ọ̀rá, tí wọn kò tíì bí àwọn òbí rẹ̀ nígbà tí Ìbídùn Allison kọ́kọ́ fara hàn, yóò pe ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ tí ó tú àṣírí ní amebo, kò sì mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni.