Àwòrán Ọpọlọ: Iṣẹ́ Wà Níbẹ̀ Fọ́mọ Èkó

Kọ̀ǹpútà lè bá dókítà wá kókó nínú àwòrán ọpọlọ, ṣùgbọ́n àwòrán òkèèrè ni wọ́n fi kọ́ ọ jù. Ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ MRI tiwa ò lágbára tó tiwọn. Bí kọ̀ǹpútà bá ṣì í wò, aláìsàn ló máa jìyà ẹ̀.

Ohun tí MAI Lab l'Ékòó ń bá jà nìyẹn. Ní 2023, àwòrán láti Áfíríkà wọ BraTS, ìdíje àgbáyé lórí kókó ọpọlọ. SPARK Academy sì kọ́ àwọn ọ̀dọ́ láti kópa.

Iṣẹ́ yìí ń fẹ́ ẹni tó ń ya àwòrán, dókítà tó ń kà á, àti onímọ̀ kọ̀ǹpútà. Ọmọ Èbúté Mẹ́ta ò ní rìn jìnnà: Yunifásítì Èkó ń kọ́ni ní yíya àwòrán inú ara ní Ìdí-Àràbà.