Ta Ló Ń Gbé Ìkòkò Kaná L'Árò?

Bí ènìyàn bá ṣe ìsọkúsọ díẹ̀ nínú mọ́tò, ẹ ó gbọ́: "Àrò ló yẹ kí wọ́n gbé e lọ!" Ẹ̀rín á sọ. Àmọ́ ẹ̀yin òǹkàwé wa, mélòó nínú wa ló mọ̀ pé l'Árò, ará ilé aláìsàn wà lára ìtọ́jú náà gan-an?

Ilé wèrè ni ìjọba òyìnbó kọ́kọ́ mọ̀. Wọ́n ṣí ti Yábàá l'Ékòó ní 1907. Ní 1944, wọ́n sọ ọgbà ẹ̀wọ̀n Lántòrò l'Ábẹ́òkúta di ibi tí wọ́n ń kó àwọn sójà tí orí wọn dàrú sí. Àtìmọ́lé ni, ká má purọ́. Aláìsàn wà lẹ́yìn ògiri, ìyá rẹ̀ wà nílé.

Nígbà tó di 1954, Dókítà Thomas Adéoyè Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta tó kàwé ìṣègùn ní Birmingham, ni ọ̀gá l'Árò. Wọn ò tíì kọ́ ilé ìwòsàn náà tán. Ẹlòmíràn ì bá jókòó de bíríkìlà. Lambo bá àwọn ará abúlé tó wà nítòsí sọ̀rọ̀ pé kí wọ́n fi yàrá háyà fún aláìsàn. Ilé ìwòsàn tiẹ̀ yá àwọn onílé lówó kí wọ́n fi kún ilé wọn. Ó tún pe àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra, èyí tó ya àwọn òyìnbó kan lẹ́nu.

Òfin kan wà ṣá o: aláìsàn kò gbọdọ̀ dá wá. Ìyá ni o, ẹ̀gbọ́n ni o, ẹnìkan nínú ẹbí gbọ́dọ̀ bá a gbé ní abúlé. Ẹni yẹn ló ń dáná, tó ń fọṣọ, tó ń mú un lọ gba ìtọ́jú láàárọ̀, tó sì ń mú un bọ̀ lọ́sàn-án. Bí ara bá yá, ẹni tó ti mọ oògùn rẹ̀ àti ìṣesí rẹ̀ ló ń bá a padà sílé. Lójú tèmi, ọgbọ́n ibẹ̀ gan-an nìyẹn.

Lambo di gíwá Yunifásítì Ìbàdàn ní 1968. Ní 1973 ó di igbákejì ọ̀gá àgbà àjọ ìlera àgbáyé. Ó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ìyá tó ti ìsọ̀ rẹ̀ pa nítorí ọmọ ńkọ́? Ta ló bá a tajà? Ta ló tọ́jú àwọn ọmọ tó kù nílé? Ìtàn Àrò tí à ń sọ kì í dárúkọ irú wọn. Bí ọ̀kan bá ṣì wà nínú ẹbí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bi í ní ohun tó ná an.