Ìsun Mẹ́ta àti Ààtàn tí ó Di Igbó: Ibi tí Olùfẹ́ Ewé Lè Yà sí ní Balch Springs



Kì í pẹ́ tí ọmọ awo titun fi ń mọ̀ pé ewé ni ìpìlẹ̀ gbogbo ohun tí à ń ṣe. Bí kò bá sí ewé, kò sí omi ẹ̀rọ̀, kò sí ìwẹ̀, a kò sì ní ohun tí a ó fi bọ òrìṣà. Nítorí náà, bí olórìṣà bá rin ìrìn àjò, ó yẹ kí ojú rẹ̀ kọ́kọ́ wá igbó kí ó tó wá ọjà. Ìtàn igbó kan ni a fẹ́ sọ lónìí, fún ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá gba Balch Springs kọjá.

Ìlú kékeré ni Balch Springs, ní gúúsù ìlà-oòrùn Dallas, ní ìpínlẹ̀ Texas. Àwọn arìnrìn-àjò kì í sábà dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n orúkọ náà fúnra rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà, láàárín ọdún 1870 sí 1880, àgbẹ̀ kan tí ń jẹ́ John Balch tẹ̀dó síbẹ̀ pẹ̀lú ìdílé rẹ̀, lórí ilẹ̀ tí omi ti ń sun láìgbẹ. Ó tún rí ìsun méjì mìíràn, wọ́n sì fi bíríkì mọ ògiri yí omi ká, kí àwọn aládùúgbò lè máa pọn níbẹ̀. Ìsun mẹ́ta yìí ni ìlú fi ń jẹ́ orúkọ títí di òní. Ọmọ Ọ̀ṣun tí ó bá gbọ́ ìtàn yìí yóò rántí bí Láróòyè àti Tìmẹ́hìn ṣe tẹ Òṣogbo dó sí ẹ̀bá odò. Omi ni ó ń kó ènìyàn jọ kí ìlú tó wà.

Bí a bá ti Balch Springs kọjú sí ìwọ̀-oòrùn, a ó dé Great Trinity Forest, igbó ńlá tí ó wà létí odò Trinity. Ó tó nǹkan bí 6,000 éékà, inú ìlú Dallas gan-an ni ó sì wà. A ó rí igi óákù níbẹ̀, a ó rí pecan, tí ìpínlẹ̀ Texas yàn ní igi tirẹ̀ ní 1919, a ó sì rí igi tí wọ́n ń pè ní bois d'arc. Èdè Faransé ni orúkọ yìí, "igi ọrun" ni ìtumọ̀ rẹ̀, nítorí òun ni àwọn onílẹ̀ àkọ́kọ́ máa ń fi gbẹ́ ọrun tí wọ́n fi ń dọdẹ. Ọmọ Ọ̀ṣọ́ọ̀sì kò gbọdọ̀ kọjá ní ìdí irú igi bẹ́ẹ̀ láìdúró kí i.

Ẹ̀gbẹ́ igbó yìí ni Joppa wà, àdúgbò tí àwọn ọmọ Áfíríkà tí ó bọ́ lóko ẹrú dá sílẹ̀ ní 1872. Kò jìnnà síbẹ̀ púpọ̀ ni Deepwood, níbi tí àwọn kan ti ń da àwókù ilé síbẹ̀ láìbófinmu fún ọ̀pọ̀ ọdún, títí ó fi di ààtàn tí ó tó mílíọ̀nù kan ààbọ̀ tọ́ọ̀nù. Àwọn aládùúgbò, tí ọ̀pọ̀lọpọ̀ wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú, kò gbà. Wọ́n pe ìjọba ìlú Dallas lẹ́jọ́, ní 2001 ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn sì fọwọ́ sí àṣẹ pé kí ìlú tún ibẹ̀ ṣe. Wọ́n kó pàǹtí náà jọ, wọ́n fi erùpẹ̀ bò ó, wọ́n sì gbin koríko ìbílẹ̀ ilẹ̀ náà lé e lórí. Ní 2008 ni Trinity River Audubon Center ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀ níbẹ̀, lórí 120 éékà. Àlejò tí ń rìn lórí àwọn òkè kékeré ibẹ̀ lónìí, orí ààtàn àná ni ó ń rìn.

Bí a ṣe gba igbó Òṣogbo là náà nìyẹn. Ní àwọn ọdún 1950, wọ́n ti ń gé igi nínú rẹ̀, àwọn kan sì ti ń du ilẹ̀ rẹ̀. Àwọn olùsìn àti àwọn oníṣẹ́ ọnà, pẹ̀lú Susanne Wenger tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ni wọ́n dìde sí i. Ní 1965 ìjọba sọ apá kan rẹ̀ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé orílẹ̀-èdè, ní 2005 UNESCO sì kọ hẹ́kítà 75 rẹ̀ sínú ìwé àwọn ogún àgbáyé. Igbó méjèèjì jìnnà síra, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ kan náà ni wọ́n ń kọ́ wa: igbó kì í dá ara rẹ̀ gbà. Àwọn ènìyàn tí ó bá kọ̀ pé kí a má bà á jẹ́ ni wọ́n ń gbà á.

Ìbéèrè kan wà tí àwọn ọmọ awo titun sábà máa ń bi wá: "Bí n kò bá rí ìrókò ní Texas, igi wo ni kí n lọ bá?" Ẹ jẹ́ kí a wo ohun tí àwọn babańlá wa ṣe. Ìrókò kò sí ní Kúbà, nítorí náà igi tí àwa ń pè ní àràbà ni àwọn Lùkùmí ń bọ bí Ìrókò. Ní Brazil, igi kan tí ó jẹ́ ìbátan òdán wa ni wọ́n yàn. Ìwé El Monte tí Lydia Cabrera tẹ̀ jáde ní 1954 fi hàn bí ìmọ̀ ewé àwọn àgbà Kúbà ti jinlẹ̀ tó. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn àti òjò ni àràbà mọ̀. Òtútù Dallas kò ní jẹ́ kí ó dàgbà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ojú ni a fi ń yan igi fún òrìṣà. Àgbà ni yóò bèèrè, òrìṣà ni yóò dáhùn.

Ọmọdé tí ó bá fi ìkánjú já ewé lè já ikú. Nínú igbó Trinity kan náà, ọ̀nà ẹsẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Texas Buckeye Trail. Ní nǹkan bí oṣù Kẹta, òdòdó igi buckeye a máa tàn bí ẹyin tí a pò mọ́ wàrà, àwọn ènìyàn a sì máa lọ wò ó. Májèlé ni èso rẹ̀. Ẹwà rẹ̀ kò sọ ọ́ di ewé ìwẹ̀.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ orúkọ igi dájú, kí ó lọ sí Dallas Arboretum, tí wọ́n ṣí ní 1984 létí adágún White Rock, tàbí kí ó dé Fort Worth, níbi tí ọgbà ewéko wọn ti wà láti 1934. Ní Fort Worth yìí kan náà, wọ́n tọ́jú ewé gbígbẹ tí ó lé ní mílíọ̀nù kan, olúkúlùkù pẹ̀lú orúkọ rẹ̀ àti ibi tí a ti já a. Bí Ọ̀sanyìn bá ń kọ̀wé, irú ilé bẹ́ẹ̀ ni ì bá kọ́.

Nítorí náà, ẹ lọ, ẹ wò, ẹ bèèrè, ẹ kọ orúkọ sílẹ̀. Ẹ má ṣe já ewé nínú ọgbà ẹlòmíràn, ẹ má sì fi ọ̀rá tàbí ìgò sílẹ̀ létí odò ní orúkọ ẹbọ. A ti rí ohun tí ààtàn ń ṣe fún igbó. Bí ẹ bá sì padà délé, ẹ wo igbó tí ó wà ní àdúgbò tiyín, kí ẹ bi ara yín ta ni ń ṣọ́ ọ.

Kí Ọ̀sanyìn jẹ́ kí ewé wa máa jẹ́. Kí ìsun má gbẹ. Àṣẹ.